Kíndìnrín Ewúrẹ́ Tí Iṣan Rẹ̀ Pé: Ìsọ̀ Alápatà Kan ní Ọjà Ọba, Adó-Ekìtì

Kíndìnrín ẹran kò wọ́n ní Ekìtì, nítorí kò sí ọjà tí alápatà kò sí. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí olùkọ́ rí èyí tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ alápatà a máa gé iṣan wọ̀nyí kúrò ní ibi tí wọ́n ti wọ inú kíndìnrín gan-an, nítorí pé ọbẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn kò sì jẹ̀bi. Baba tí ó ni ìsọ̀ tí mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí, ní apá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ewúrẹ́ ní Ọjà Ọba, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ bàọ́lọ́jì mọ ibẹ̀.

Bí ẹ bá ti bá wọn sọ ọ́ láti àná, wọn yóò yọ kíndìnrín méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tí ó bò wọ́n, wọn yóò sì fi ègé kan sílẹ̀ láàárín wọn lára iṣan àlọ ńlá, èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn gba abẹ́ eegun ẹ̀yìn. Ègé yìí ni mo kà sí ohun tí ó níye lórí jù lọ nínú gbogbo ọjà wọn, nítorí láti ara rẹ̀ ni iṣan àlọ ti kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ti yà. Bí ẹ bá tètè dé, wọ́n á tún jẹ́ kí ẹ wo bí kíndìnrín ṣe wà nínú ẹran kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án: ti ọ̀tún wà níwájú, ó fara ti ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ti òsì rọ̀ wálẹ̀, ṣàkì sì ti tì í lọ sí apá ọ̀tún. Iṣan àbọ̀ ti òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ, nítorí pé apá ọ̀tún ni iṣan àbọ̀ ńlá tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn gbà kọjá. Kò sí àwòrán inú ìwé tí ó lè fi èyí yé ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Nínú kíláàsì, ẹ fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fa omi tí a po tàdáwà pupa mọ́, kí ẹ sì rọra tì í sínú iṣan àlọ náà. Kí iṣan yìí tó wọlé ni ó ti pín sí ẹ̀ka méjì, ọ̀kan sí ìhà ẹ̀yìn, èkejì sí ìhà ikùn. Bí ẹ bá fi òwú so ọ̀kan, apá tí èkejì ń bọ́ nìkan ni yóò pọ́n, nítorí pé àwọn ẹ̀ka inú kíndìnrín kì í ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá dí lára ẹranko tí ó wà láàyè, ibi tí ó ń bọ́ yóò kú. Lẹ́yìn náà, ẹ là á sí méjì. Ẹ ó rí i pé ẹ̀ka wọ̀nyí gòkè gba inú ẹran rẹ̀, wọ́n tẹ̀ bí ọrun ní ààlà inú àti èèpo òde, wọ́n sì rán àwọn tín-ín-tìn-tín sínú èèpo náà, níbi tí àwọn ìdì iṣan kéékèèké ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú 5 ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ni ó ń gba kíndìnrín kọjá nígbà tí ara bá wà ní ìsinmi, nítorí náà kò yẹ kí a máa fi ojú kéré iṣan tí ń gbé e wọlé.

Àwọn kan ń béèrè bóyá ti màlúù kò sàn jù, nítorí pé ó tóbi. Kò sàn. Ti màlúù pín sí kókó-kókó lára, ṣùgbọ́n ti ewúrẹ́ ń dán, inú rẹ̀ sì parapọ̀ sí òkè gígùn kan ṣoṣo tí ìtọ̀ ń gbà kán sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Cervus elaphus, ìgalà pupa ilẹ̀ Yúróòpù tí kò sí nínú igbó wa, ṣe rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa ìgalà lè fi ti ewúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Àgbọ̀nrín tí àwọn ọdẹ wa ń pa kì í ṣe ìgalà yìí rárá: ìdílé màlúù àti ewúrẹ́ ni ó wà, ìwo rẹ̀ kì í sì í wọ́ dànù lọ́dọọdún bíi ti ìgalà.

Ìsọ̀ náà ní àléébù tirẹ̀. Wọn kò ní yìnyín, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dì sínú iṣan bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó dé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án kí ẹ tó lo tàdáwà. Wọ́n ń wọn ọ̀rá pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì san owó rẹ̀. Nígbà tí èrò bá pọ̀, ọmọṣẹ́ wọn a máa gé iṣan àlọ òsì kúrú jù, nítorí náà, ẹ ní kí baba fúnra wọn yọ ọ́, kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ tí kò sún mọ́ ọdún.