Berberine àbí metformin, èwo ló léwu jù?
Ẹni tó ń sá fún metformin, ìyẹn oògùn àtọ̀gbẹ, torí pé kì í ṣe ewé bíi berberine tí wọ́n ń yọ lára ewéko, ẹ bá mi sọ fún un pé ara ewéko Galega officinalis ni wọ́n ti rí ọgbọ́n ẹ̀ o. Àwọn méjèèjì ló máa ń da inú rú, ìyẹn ò yàtọ̀. Àmọ́ metformin, láti 1957 ni wọ́n ti ń lò ó ní Faransé, a ti mọ ìwà ẹ̀: ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, ó sì lè dín fítámì B12 kù. Berberine ni mò ń fura sí jù. Ní Amẹ́ríkà, kò dìgbà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, bá fọwọ́ sí i kó tó dórí káńtà, ó sì máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti palẹ̀ oògùn míì mọ́, bíi cyclosporine tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, tíyẹn á wá pọ̀ jù lára. Aláboyún ò tiẹ̀ gbọdọ̀ lò ó rárá.