Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, àbí ilé lọ́hùn-ún ná?

Ọkọ̀ méjì forí gbárí lọ́nà Ajáṣẹ́-Ìpo, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, gbogbo èrò ń dúpẹ́.

Àwọn kan á gba ilé lọ, wọ́n á fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn, tó bá le, wọ́n á wá teguntegun lọ. Owó rẹ̀ ò pọ̀, ọkàn sì máa ń balẹ̀ láàárín ẹbí. Ohun tí àbúrò mi ṣe nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọrùn rẹ̀ ò yí mọ́. Tí wọ́n bá pè é, gbogbo ara ló fi ń yí. Ó gbé ọ̀rọ̀ dé iléeṣẹ́ adójútòfò, wọ́n ní kí ló fi hàn pé inú ìjàǹbá yẹn ló ti fara pa. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ẹni tó bá lọ sí Jẹ́nẹ́rà, ilé ìwòsàn ìjọba, tàbí UITH, ilé ìwòsàn yunifásítì, ní Ìlọrin lọ́jọ́ náà gan-an á náwó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dókítà á kọ déètì àti ohun tó rí sílẹ̀, rísíìtì á wà, ìròyìn ọlọ́pàá á sì bá a mu. Òfin ìlera ọdún 2014 sì ti ka á léèwọ̀ pé kí ilé ìwòsàn kọ aláìsàn pàjáwìrì. Mi ò kẹ́gàn teguntegun o, àmọ́ kò lè rí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ikùn.

Ẹ rántí pé third party, ìyẹn adójútòfò ọkọ̀ tó wà fún ẹlòmíì tí ọkọ̀ ẹni bá ṣe léṣe, ò wo awakọ̀ tó ni ẹ̀bi sàn; àwọn ẹlòmíì bí èrò àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló wà fún. Ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn Road Safety (FRSC), kí ẹ sì ya nọ́ńbà ọkọ̀ kejì kó tó ṣí kúrò.