Ẹ ṣọ́ra o! Ejò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń "wá ilé rere" fún ejò yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi tó wà ní London àti agbègbè ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti ń yọ yín lẹ́nu pé ejò lòun fẹ́ sìn, ẹ dákun ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "ejò kẹ̀? nínú ilé?" Ìyá mi náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i lórí fídíò WhatsApp, wọ́n ju fóònù sílẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé ìpè mi. Ẹjọ́ ìyẹn kọ́ la wá rò lónìí. Owó mi tó lọ, àti ejò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́, lọ̀rọ̀ mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń bẹ̀ mí fún royal python, erè kékeré yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní ball python torí pé tí ẹ̀rù bá ti bà á, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sáàárín ara ẹ̀. Kò ní oró, kì í sì í gùn bíi òjòlá. Mo ní ó dáa. Mo wá rí ìpolówó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní erè ọmọ ọdún méjì ń wá ilé rere, £95, gbogbo nǹkan tó ń lò ló máa bá a lọ. Mo pe nọ́ńbà yẹn. Bí ọkùnrin yìí ṣe gbọ́ orúkọ mi báyìí ló bá bọ́ sí Yorùbá, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán mà, ọmọ ìyá kan náà ni wá, ṣé mo lè gbé ọjà burúkú fún yín ni?" Ẹ ò rí nǹkan. Ibẹ̀ ni mo ti sùn lọ.

Ó ní kì í ṣe pé òun ń tà á o, òun kàn fẹ́ kó rí ilé rere ni, lánlọ́ọ̀dù ló ní òun ò fẹ́ ejò. Ó ní inú ilé òun ní Croydon níbẹ̀ ni wọ́n ti pa á látinú ẹyin, pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń jẹ eku kan, kì í kọ oúnjẹ. Ó ní kí n fi £40 ránṣẹ́ kí àwọn mìíràn má baà gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tó di pé ká lọ gbé e, ilé ò ṣeé wọ̀ mọ́, ó ní wọ́n ń kun ún, ká pàdé níbi ìgbọ́kọ̀sí súpámákẹ́ẹ̀tì kan láago méje alẹ́. Oṣù kọkànlá rèé o, òtútù ń mú gan-an, inú àpò ìrọ̀rí ló di ejò náà sí, nínú búùtù ọkọ̀. Ọkàn mi sọ fún mi pé ejò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ọmọ mi ti ń fò sókè, mo san ìyókù.

A délé, a tan iná. Ohun àkọ́kọ́ tọ́mọ mi rí ni pé ejò inú fọ́tò kọ́ nìyí. Àmì ara erè dà bíi ìlà ìka ọwọ́ èèyàn ni, ti tibí ò jọ ti tọ̀hún, èyí inú fọ́tò ní àmì kan lọ́rùn bíi lẹ́tà Y, èyí tó wà níwájú wa ò ní nǹkan kan tó jọ ọ́. Eegun ẹ̀yìn ẹ̀ yọ síta bíi ti adìyẹ tó ń ṣàìsàn. Mo gbé e sórí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà, 310 gíráàmù. Ọmọ ọdún méjì! Ìgbà tí mo wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, mo rí eégbọn mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́bàá ojú, méjì lábẹ́ ìpẹ́ nítòsí ìdí. Mo wá bi ara mi, ejò tí wọ́n ní inú ilé ní Croydon ni wọ́n ti pa á látinú ẹyin, níbo ló ti rí eégbọn?

Dókítà ẹranko tí mo gbé e lọ bá lọ́jọ́ kejì ló là mí lójú. Ó ní eégbọn báyẹn, láti oko ló ti wá, ejò yìí kò sì dà bíi èyí tó tó ọdún kan. Ibi tí royal python ti ń wá gan-an ni ilẹ̀ wa níbẹ̀ yẹn, Ghana, Togo, Benin títí wọ Nàìjíríà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó wọn láti Togo, Benin àti Ghana lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n á lọ wá ẹyin wọn nínú ihò, tàbí kí wọ́n mú abo tó ti lóyún, wọ́n á jẹ́ kó yé sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á jẹ́ kí ẹyin náà pa, wọ́n á kó ọmọ lọ sókè òkun. Appendix II ni wọ́n fi í sí nínú òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ìyẹn ni pé títà ẹ̀ kọ́ lèèwọ̀, àmọ́ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Àwọn tó rin ìrìn àjò báyìí, aràn inú àti eégbọn ara máa ń bá wọn dé nígbà mìíràn, oúnjẹ sì lè ṣòro fún wọn láti gbà. Mi ò sọ pé ẹni tó bá ta irú ẹ̀ ti ṣẹ̀ o, irọ́ tó pa pé ilé òun ni wọ́n ti bí i ló ń bí mi nínú. (Ó tún dùn mí pé ní Ouidah, ẹ̀yìn Kútọnu níbẹ̀, tẹ́ńpìlì wà tí wọ́n ti ń bọ erè yìí gan-an, tó bá rìn wọ ilé ẹni, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e padà. Ọ̀gbẹ́ni yìí ń gbé e kiri nínú búùtù.)

Ẹ wá gbọ́ ti "gbogbo nǹkan tó ń lò" tó ní ó máa bá a lọ, torí ibẹ̀ ni ìkà wà. Àpótí gíláàsì kékeré kan, gílóòbù pupa kan tí wọ́n fi kọ́ sínú láìsí àwọ̀n wáyà kankan tó yí i ká, mátì oníná kan, èérún pákó cedar tó ń rùn wùù, tẹ̀mómítà onírọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sí thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń pa iná fúnra ẹ̀ tí ooru bá ti tó. Kò sí ibì kankan tí ejò lè sá pamọ́ sí. Mo tan mátì yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí òtútù má pa á, mo fi tẹ̀mómítà tí mo fi ń wo ẹran lóófù sí abẹ́, ó di 46°C. Tẹ̀mómítà orí ògiri ń sọ 27 ní tiẹ̀! Tí ejò bá sùn lé nǹkan bẹ́ẹ̀, ikùn ẹ̀ á jóná, ẹ sì máa rò pé ó kàn ń sinmi ni. Dókítà rí àpá iná àtijọ́ méjì níkùn ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti ń ṣẹlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó tún ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀, àìsàn èémí ti wọ̀ ọ́ nínú òtútù. Eégbọn yíyọ, abẹ́rẹ́ antibiotics, òògùn aràn, £210 ló gbà lọ́wọ́ mi. Lórí ejò £95.

Mo pe ọkùnrin náà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù, ó kàn ń mọ ibẹ̀ ni." Mo fi fọ́tò eégbọn ránṣẹ́, ó dínà mọ́ mi lórí WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo rí ìpolówó tuntun, fọ́tò elẹ́tà Y yẹn kan náà, orúkọ obìnrin ni wọ́n lò báyìí, £110, wọ́n ní Luton làwọn wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ní England níbí, ẹni tó bá ń fi ẹranko ṣe òwò gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ council, òfin 2018 ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ orílẹ̀-èdè tí ẹranko náà ti wá. Ẹ bi í ní nọ́ńbà láísẹ́ńsì. Tó bá ní òun ò ṣòwò, òun kàn ń fi tiẹ̀ tọrẹ, a jẹ́ pé kò yẹ kó ṣòro fún un kẹ́ ẹ wá wo ejò nílé ẹ̀, nínú àpótí tó ń gbé, kẹ́ ẹ sì rí i kó jẹ eku níṣojú yín, tàbí kó ṣe fídíò ẹ̀ lónìí, kó gbé ìwé tó kọ orúkọ yín sí síwájú ejò náà nínú fídíò yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 lọ rà á fúnra ẹ̀, òfin ò gbà á. Ẹ má sì fi owó ṣáájú rárá.

Àwa ti wá ra nǹkan tuntun báyìí, a da gbogbo tiẹ̀ nù. Àpótí onígi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni, erè tó dàgbà gbọ́dọ̀ lè na ara ẹ̀ tán nínú ẹ̀. Apá kan gbóná, 31 sí 32°C, apá kejì tutù díẹ̀, 24 sí 26, tẹ̀mómítà oní-nọ́ńbà wà ní apá méjèèjì, thermostat ló ń darí iná, a sì fi àwọ̀n wáyà yí gílóòbù ká kí ejò má lè wé mọ́ ọn. Ihò ìsápamọ́ méjì, ọ̀kan lápá gbígbóná, ọ̀kan lápá tútù, kó fún un pinpin ni o, erè ò fẹ́ pálọ̀. Omi wà nínú abọ́ tó wúwo. Ọ̀rinrin inú ẹ̀ 50 sí 60%, a máa ń wọ́n omi díẹ̀ sí i tó bá fẹ́ bọ́ awọ, torí tó bá gbẹ jù, awọ ojú kì í bọ́ tán. Ní oṣù àkọ́kọ́, tíṣù funfun ni a tẹ́ sílẹ̀ kí a lè rí kòkòrò tàbí eégbọn tó bá kù.

Ẹ má gbé e níwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé ọmọ á sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún. Oúnjẹ, eku dídì tí ẹ yọ nínú fírísà, tí ẹ jẹ́ kó yọ́, tí ẹ fi omi gbígbóná mú lọ́wọ́ọ́wọ́ (máíkírówéèfù kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ó máa bẹ́), kó má tóbi ju ibi tí ara ejò ti fẹ̀ jù lọ. Eku ààyè lè bù ú jẹ, àpá ẹ̀ kì í lọ. Tí kò bá jẹ, ẹ má fipá fún un, erè lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí nǹkan má sì ṣe é, kó ṣáà má máa rù ni. Tiwa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ọmọ mi fi igbe ta, mo rò pé ilé ń jó, àṣé ejò ti gbé eku ni. 480 gíráàmù ló wà báyìí. Ẹ fọ ọwọ́ o lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kòkòrò salmonella máa ń wà lára wọn.

Mi ò lè gbé nọ́ńbà ẹ̀ síbí, àmọ́ ẹ máa mọ̀ ọ́n: fọ́tò elẹ́tà Y, "lánlọ́ọ̀dù ò fẹ́", £40 ṣáájú, ibi ìgbọ́kọ̀sí lálẹ́. Ẹni tó bá ti sanwó fún un, ẹ má pa mẹ́séèjì yẹn rẹ́, council ní kí n kó gbogbo ẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé tí dókítà kọ, mo ti fi tèmi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní tí ẹlòmíì bá tún wá sọ tiẹ̀, iṣẹ́ àwọn á yá.