In the Mood for Love: ìfẹ́ tó ń jó lábẹ́ eérú

Ẹni tó bá ń wá ìfẹnukonu, kó má fi dátà rẹ̀ ṣòfò. Odindi ìṣẹ́jú 98 ni fíìmù tí Wong Kar-wai darí yìí, ẹyọ kan ò sí níbẹ̀.

Hong Kong ni, ọdún 1962. Chow oníròyìn àti Ìyáàfin Chan kó dé lọ́jọ́ kan náà, yàrá wọn fẹ̀gbẹ́ kanra. Irú táì tó wà lọ́rùn Chow, ọkọ obìnrin yìí ní in; irú báàgì tó wà lọ́wọ́ obìnrin yìí, ìyàwó Chow ní in. Ilé oúnjẹ ni wọ́n ti dọ́gbọ́n wádìí ara wọn wò, ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ojú ọkọ obìnrin yìí àti ìyàwó Chow, àwọn méjì tó jọ ń dalẹ̀, ò sì hàn sí wa títí.

Ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you ní Kàbà á mọ ẹ̀rù tó wà níbẹ̀. Àwọn onílé ń ta ayò mahjong mọ́jú, obìnrin yìí há sí yàrá Chow. Nígbà tó máa jáde, bàtà ìyàwó Chow ló wọ̀, kó lè dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde dé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn dáadáa!

Aṣọ ni kàlẹ́ńdà fíìmù yìí. Ará Bùnú, níbi tí aṣọ ipò, aṣọ ìsìnkú wọn, ti ń sọ irú ẹni tí òkú jẹ́, ò ní pẹ́ rí i. Àtẹ̀gùn kan náà, fúláàsì oúnjẹ kan náà. Bí aṣọ ọlọ́rùn gíga yẹn bá ti yí padà, ọjọ́ ti yí nìyẹn. Fáolínì inú orin Shigeru Umebayashi náà ń padà wá ṣáá. Lẹ́ẹ̀kíní, orin lásán ni. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀fun á ti dí. Ibi tí wọ́n ti fi ìpínyà dánra wò ló wá tú gbogbo rẹ̀: eré ni wọ́n pè é, ẹkún òótọ́ ló jáde.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ á bà á jẹ́, nítorí òjò àti ìró bàtà náà wà nínú ọ̀rọ̀. Ẹ gba iná kún láptọ́ọ̀pù, kí ẹ fi earpiece sétí. Lórí fóònù lójú ọ̀sán, ibi tó ṣókùnkùn ò ní hàn. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ bá ń ṣáájú ẹnu, ẹ tẹ H nínú VLC, áàpù tí wọ́n fi ń wo fíìmù. Bó bá ń pẹ́, G.

Àbùkù rẹ̀ ni ìparí tó ń fò: Singapore, Hong Kong, Kàmbódíà ní 1966. Ẹ ka ọdún tí wọ́n kọ sójú fíìmù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sọnù. Ní tẹ́ḿpìlì Angkor Wat ní Kàmbódíà, Chow á fẹnu sí ihò ara ògiri, á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ má wulẹ̀ yí ohùn sókè, wọn ò fẹ́ ká gbọ́.