Ta ló ń gún iyán yín? Bí mo ṣe tún àyà mi ṣe, àti ohun tí mo rí níbẹ̀

Dókítà kẹta tí mo lọ bá kò béèrè ìwọ̀n kọ́mú mi. Ó ní, "Mà, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Mo ní oúnjẹ ni mò ń tà ní Kábà. Ó ní irú oúnjẹ wo. Mo ní iyán. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ta ló ń gún un?"

Èmi ni mò ń gún un. Ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iyán ọ̀sán, èyí tí àwọn awakọ̀ tó ń ti Èkìtì bọ̀ máa ń torí rẹ̀ yà, ọwọ́ mi ló ti ń jáde. Wọ́n mọ̀ bí kókó bá wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà méjì àkọ́kọ́ kò bi mí ní ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ló wá pinnu bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ abẹ tí mo fi mú ọmú mi kún. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, nítorí gbogbo obìnrin tó ń fà mí sẹ́yìn kàntà lọ́jà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí: "Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ọmọ Ìjùmú ni mí, mo ti ń lọ sí ẹni ogójì ọdún, mo bímọ mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu ọmú fún ọdún kan àtààbọ̀. Nígbà tí mo já èyí tó kéré jù lẹ́nu ọmú, àyà mi rí bí àpò gàrí tí wọ́n ti bù títí tó fi kù sí ìdí. Ọkọ mi kò rán mi níṣẹ́ kankan. Ìyé mi ní, "Ọmú tó ti wo ọmọ mẹ́ta dàgbà, kí lo tún fẹ́ kó ṣe fún ọ?" N kò rí èsì fún un nígbà náà, n kò sì rí i títí di òní, ju pé ó wù mí lọ.

Dókítà àkọ́kọ́, ní Lọ́kọ́ja ni. Iṣẹ́ abẹ gbogboogbò ló ń ṣe. Ó sọ ojú abẹ níkòó fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ òun, pé kí n wá ẹni tó kọ́ iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, kí n sì wádìí orúkọ onítọ̀hún lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí ẹni tó jẹ́ dókítà lè má kọ́ iṣẹ́ yìí rárá. Ó tẹ ọmú mi wò bóyá kókó wà níbẹ̀, ó sì ní kí n lọ ya sikáànì kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ kàn mí. Owó táṣẹ́rẹ́ ló gbà. Nínú gbogbo owó tí mo ná, òun ni mo san tí inú mi dùn jù.

Èkejì, ní Àbújá, ibẹ̀ ń tàn, ó ń rùn lọ́fínńdà. Kí n tó rí dókítà, ọmọbìnrin kan tó wọ kóòtù ti ń fi àwòrán hàn mí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ní bí mo bá san owó lọ́sẹ̀ náà wọ́n á yọ díẹ̀ fún mi. Bí ẹni ń ta ilẹ̀. Dókítà wọlé, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi jáde. Ó ní àpò tí wọ́n ń ki sínú ọmú kó lè kún, 400 cc ni ìwọ̀n rẹ̀, abẹ́ iṣan ni yóò wà, ó tán. Mo bi í pé bí àpò náà bá bẹ́ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé báàgì mi.

Ẹnì kẹta tí mo sọ nípa rẹ̀ yẹn, ọmọ Èkìtì ni. Mo wọlé, ìkíni ilẹ̀ wa bọ́ lẹ́nu mi pé "Ọ̀kún o," ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti sin ìjọba nílẹ̀ wa rí. A jókòó fún bíi wákàtí kan, Yorùbá ló fi bá mi sọ gbogbo rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ fi téèpù wọn mí lórí ìdúró. Ibi tí orí ọmú dé sí ìlà abẹ́ ọmú ló ń wò. Bí orí ọmú bá ti wálẹ̀ kọjá ìlà yẹn, ó ní kíkún un nìkan kò lè tó, gbígbé e sókè ni yóò gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpò á jókòó sókè, awọ á máa fì nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbígbé e sókè ní àpá tirẹ̀: abẹ á yí ibi dúdú orí ọmú ká, á sọ̀ kalẹ̀ tààrà, nígbà mìíràn á tún gba abẹ́ kọjá. Tèmi ṣì wà lókè ìlà díẹ̀. Mo dúpẹ́, torí àpá máa ń wú nínú ẹbí wa. Etí tí wọ́n lu fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ohun tó hù níbẹ̀ tó èkùrọ́. Mo sọ èyí fún dókítà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fàlà sí i nídìí.

Ọ̀rá ara mi ni mo bá lọ ní tòótọ́. Mo ti gbọ́ pé wọ́n lè fa ọ̀rá ikùn, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ dà á sínú ọmú. Kí ikùn lọ sílẹ̀, kí àyà kún, ta ni kò fẹ́? Kò bú u. Ó ní kò sí ohun àjèjì tó máa wọ ara mi, kò sí àpò tí mo máa pààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú, àti pé ẹni tí ìwọ̀nba bá tó, ó dára fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rá náà ló máa ń yè. Ara á gba apá kan padà, èyí tó bá kú lè di kókó tàbí kó le bí ẹfun, tí yóò máa dẹ́rù bani nínú àwòrán àyà tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ lọ́jọ́ mìíràn. Ó sì lè gbà pé kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ni mo kọ̀. Ìrìn àjò méjì, abẹ́rẹ́ oorun méjì, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí a tì lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá kan àpò. Ó gbé méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tẹ̀ wọ́n. Èyí tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ó ní bó bá jò, ara á fa omi náà mu láìséwu, ọmú á rọ̀, mo sì máa mọ̀ kíákíá. Àmọ́ ó máa ń ká lára ẹni tí kò sanra láyà, bíi láílọ́ọ̀nù pure water tí omi rẹ̀ ti dín. Èyí tí sílíkónì wà nínú rẹ̀, ohun kan tó ki bíi jẹ́ẹ̀lì, rọ̀, ó sún mọ́ ẹran ara, ṣùgbọ́n ó lè bẹ́ kí obìnrin má mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí ẹni tó bá ṣe é lọ ya sikáànì tàbí MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì yà, lẹ́yìn ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà lọ́dún méjì sí mẹ́ta síra wọn.

Mo ní, ṣé sílíkónì yìí kọ́ ni mo gbọ́ pé ó pa èèyàn? Kò bínú. Ó ní obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sí lára, Timmie Jean Lindsey, ní Houston nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni, lọ́dún 1962. Ìjọba Amẹ́ríkà dá a dúró fún àwọn tó kàn fẹ́ ẹwà lọ́dún 1992, wọn kò sì dá a padà títí di 2006. Ní Faransé, àṣírí ilé iṣẹ́ PIP tú lọ́dún 2010 pé sílíkónì tí kì í ṣe ti ìṣègùn ni wọ́n ń rọ sínú àpò. Lọ́dún 2019 wọ́n kó àpò Biocell ti ilé iṣẹ́ Allergan, tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, kúrò lọ́jà nítorí àrùn jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀ tó máa ń mú èépá tí ara ń hù bo àpò. Ó ní ìdí tí òun fi ń lo èyí tí ara rẹ̀ ń dán nìyẹn. Ó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún mi kí n tó san kọ́bọ̀. Dókítà tó bá fi ìtàn burúkú pa mọ́ fún mi ni n kò lè gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí odó. Wọ́n lè ki àpò bọ abẹ́ iṣan àyà, wọ́n sì lè fi í sórí iṣan, lábẹ́ ẹran ọmú. Abẹ́ iṣan ni ọ̀pọ̀ dókítà fẹ́, wọn kò sì ṣìnà: etí àpò á pa mọ́, àwòrán àyà á rọrùn láti yà, èépá tó máa ń le yí àpò ká kì í sábà yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tó wà lórí àpò, òun náà ni apá fi ń ti nǹkan wálẹ̀. Nígbàkigbà tó bá sún kì, á tẹ àpò, ọmú á fò sí ẹ̀gbẹ́. Dókítà ní kí n gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni di ọmọ odó mú, kí n tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka han iṣan náà mí bó ṣe ń le. "Ẹ ó ṣe báyìí nígbà mélòó lóòjọ́?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Iyán abọ́ ogún, ta ló kà á?

Ẹni tó ń kọ ebè, ẹni tó ń hun aṣọ òkè, ẹni tó ń fọṣọ fún owó, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Obìnrin tó jókòó sí ọ́fíìsì lè má ní ìṣòro kankan.

Orí iṣan kò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fi ìka méjì fún ẹran òkè ọmú mi pọ̀, ó ní bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà méjì, etí àpò á máa hàn. Tèmi jù ú lọ díẹ̀ báyìí. Nítorí náà a kò lè lo àpò ńlá. Sílíkónì 240 cc ni a fi àdéhùn sí, ẹni tó bá ń retí àyà òṣèré yóò ní n kò ṣe nǹkan kan.

Ibi tí abẹ gbà kò gùn lẹ́nu. Ó lè gba ìlà abẹ́ ọmú, tàbí etí ibi dúdú orí ọmú, tàbí abíyá. Ti ìdodo wà pẹ̀lú, àmọ́ àpò omi iyọ̀ nìkan ló lè gbà á torí inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń rọ omi sí i. Ẹni tó ṣì fẹ́ fún ọmọ lọ́mú, kó ṣọ́ra fún ti orí ọmú. Mo mú abẹ́ ọmú, bí àpá bá máa wú, kó wú níbi tí ojú kò dé.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni mo mú, kí n lè gbádùn kí iṣu tuntun tó dé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti jẹnotáìpù mi wò, wọ́n ní kí n fi aspirin àti gbogbo àgbo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ ya. Mo sùn, mo jí. Kì í ṣe ìrora abẹ ló dà mí láàmú, ìwúwo ni. Bí ẹni pé ọmọ ọdún kan jókòó sí mi láyà tó kọ̀ láti dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, èmi tí mo máa ń dà bo ikùn láti kékeré.

Owó ńkọ́? Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni a jọ sọ. Ní òwúrọ̀ iṣẹ́ abẹ gan-an, agbowó ilé ìwòsàn náà ní owó dókítà tó ń kunni lóorun kò sí nínú rẹ̀, 350,000 náírà. Aṣọ ilé ìwòsàn ti wà lọ́rùn mi. Ta ló máa bá wọn jà nínú aṣọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là? Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ lákọsílẹ̀: ti oorun, ti kọ́mú ìwòsàn, ti àbẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́.

Mo lo ọjọ́ mẹ́jọ lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kubwa, Àbújá, kí n tó wálé. Mo fi ìrọ̀rí sí abẹ́ bẹ́líìtì mọ́tò. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà kí a tó dé Òbàjáná, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí táyà gun ọ̀nà kọnkéré kìlómítà 43 tó wọ Kábà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ sìmẹ́ǹtì.

Ọjọ́ kẹwàá, ti òsì wú ju ti ọ̀tún lọ. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pè é títí di alẹ́. Ilé ìwòsàn kan nílé ló yẹ̀ mí wò pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló dì síbẹ̀, kò sí kòkòrò, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni dókítà pè mí padà, ó tọrọ gáfárà. Mo gbà á. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ibi tó jìnnà sí dókítà rẹ̀ bíi tèmi, kó ti mọ ilé ìwòsàn tó máa sáré lọ nítòsí kí wọ́n tó fi abẹ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni n kò fọwọ́ kan ọmọ odó. Àwọn ọmọ gún un bí wọ́n ṣe mọ̀. Awakọ̀ kan gbé kókó kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ìyá oníyán, ṣé ẹyin lẹ wá ń tà ni?" Àwọn ọmọ ní kí n ra ẹ̀rọ. Mo ní kí wọ́n má tún sọ bẹ́ẹ̀ níwájú mi.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo ń gún iyán, ohunkóhun kò fò. Orí ọmú ọ̀tún kú tipiri fún bí oṣù márùn-ún kó tó jí. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo máa ń fọwọ́ kan etí àpò, ìyẹn sì ni owó tí mo san fún orí iṣan. Ìdí àpá òsì wú díẹ̀. Dókítà awọ ní Lọ́kọ́ja gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti ń wọlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ dókítà, mo fún un ní mẹ́rin àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Ilé ìwòsàn rẹ̀, méjì, fún ọ̀rọ̀ owó àti ti fóònù.

Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, mo máa ń sọ fún un pé kó bí i tán ná, torí oyún á tún yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tí owó iṣẹ́ abẹ nìkan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ kò tíì pé. Àpò yìí kì í ṣe ohun tí à ń bá wọ ibojì, ọ̀pọ̀ ló máa ń pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Káàdì tí nọ́ńbà àpò wà lára rẹ̀, mo ti fi í sáàrin ìwé ilẹ̀ mi. Sikáànì àkọ́kọ́ di 2029, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ àjọ sílẹ̀ dè é. Olórí àjọ wa rò pé ẹ̀rọ agúnyán ni mo fẹ́ rà.