Ìbẹ̀wò ọ̀fẹ́ OSHA: ibi tó ti wúlò àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ fún ẹ́jẹ́ńsì òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀

On-Site Consultation ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí. OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ló wà nídìí rẹ̀. Onímọ̀ ààbò yóò wá sí ibi iṣẹ́, yóò yẹ ẹ̀rọ wò, yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, yóò sì kọ àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń wá kì í ṣe àwọn tó ń bu owó ìtanràn fúnni. Ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí yunifásítì ló gbà wọ́n síṣẹ́. Iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 250 lọ lójú kan, tí gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì ju 500 lọ, ni wọ́n dìídì ṣe é fún, àwọn tí iṣẹ́ wọn léwu jù ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá rí ewu tó lágbára, ẹni tó pè wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ọjọ́ tí wọ́n jọ dá tó pé. Yóò tún lẹ orúkọ àwọn ewu náà mọ́ ibi tí òṣìṣẹ́ ti lè kà á, ó kéré tán fún ọjọ́ iṣẹ́ 3, tàbí títí àtúnṣe yóò fi parí bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kọ̀, wọn yóò fa ọ̀rọ̀ náà lé àwọn tó ń bu ìtanràn lọ́wọ́. Èyí dára lójú tiwa. Àbọ̀ tí kò ní ọjọ́ àtúnṣe, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń sùn sí.

Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ: bí ọ̀rọ̀ ẹ́jẹ́ńsì tó gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ àti oníbàárà rẹ̀, ìyẹn iléeṣẹ́ tí wọ́n rán òṣìṣẹ́ náà lọ, ti rí nìyẹn. Láti ọdún 2013 tí OSHA ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó ṣe fún òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ ló ti ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn méjèèjì ló jọ ni ojúṣe ààbò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe pín. Bí ẹ̀rọ bá gé ọmọ ìka kan, inú ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó ń darí òṣìṣẹ́ náà lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, oníbàárà sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Owó gbà-má-bínú ẹni tó farapa ńkọ́? Adójútòfò ẹ́jẹ́ńsì ló sábà máa ń san án. Ẹni tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ ìnira owó náà lára. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lára kò lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ìnira náà kì í sì í tán lọ́dún kan. Ká sọ pé owó iṣẹ́ tí ẹ́jẹ́ńsì san lọ́dún jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, tí adójútòfò ń gba dọ́là 6 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan: 60,000 dọ́là nìyẹn. Wọ́n á wá fi ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní experience mod, tó ń fi bí ìjàm̀bá ẹ́jẹ́ńsì náà ti pọ̀ tó sẹ́yìn hàn, sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ 0.85, ó di 51,000. Bí ó bá jẹ́ 1.25, ó di 75,000. Ọdún 3 ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìṣirò yìí, wọ́n sì máa ń fo ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ìjàm̀bá ọdún 2024 yóò ṣì máa bá ẹ́jẹ́ńsì jà ní 2028.

Ní ibi ẹ̀rọ ni ìbẹ̀wò yìí ti yege jù. Ẹ jẹ́ ká mú bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù. Ibi tí bẹ́líìtì ti ń wọ abẹ́ rólà ló ń fa ọwọ́ wọlé. Irin ìdáàbòbò wà fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú u nítorí páálí máa ń há síbẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin rẹ̀ wà nínú ife kan lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ibi tí kì í ki ọwọ́ bọ̀. Ẹni tó dé láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù ú lọ kò mọ̀. Onímọ̀ tó mọṣẹ́ yóò yíjú sí i, yóò ní, “Jọ̀ọ́, fi ibi tí o ti máa pa ẹ̀rọ yìí hàn mí.” Bó bá ń wò yányànyán, ìdálẹ́kọ̀ọ́ kò tíì wáyé, ohun yòówù kí ìwé tó fọwọ́ sí máa wí. Ti forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, náà rí bẹ́ẹ̀: ìwé ẹ̀rí tí awakọ̀ gbà níbòmíràn kò tó. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ irú ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ àti bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí, kí wọ́n sì tún un dán wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún 3.

Àbùkù tó tóbi jù: ẹ́jẹ́ńsì kò lè pe àwọn onímọ̀ yìí wá sí ilé onílé. Oníbàárà ló gbọ́dọ̀ pè wọ́n. Nítorí náà, inú ìwé àdéhùn ni kí ẹ ti fi sí i, kí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó lọ: pé oníbàárà yóò pè wọ́n, yóò sì fún ẹ́jẹ́ńsì ní ẹ̀dà orúkọ ewu tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ má sì dúró títí OSHA yóò fi kanlẹ̀kùn, torí wọn kì í ṣe ìbẹ̀wò yìí níbi tí àyẹ̀wò ìjọba bá ti ń lọ lọ́wọ́.

Ìbẹ̀wò náà kò tún lè rí ìyípadà iṣẹ́. Ẹni tí ẹ ní kó lọ máa di páálí, ní ọjọ́ kẹta wọ́n ti gbé e sórí forklift. Bí ìjàm̀bá kò bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, nígbà tí adójútòfò bá yẹ ìwé wò lópin ọdún, ó lè gbé owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsọ̀rí tó wọ́n jù, kí ó sì ní kí ẹ́jẹ́ńsì san ìyókù. Ìpè kan sí òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, òmíràn lọ́jọ́ kẹta, ló ń tú àṣírí èyí.

Lójú tiwa, ó tó kí ẹ́jẹ́ńsì kọ oníbàárà tó bá lóun kò ní pè wọ́n rárá, pàápàá níbi tí ẹ̀rọ pọ̀ sí. Bí ó bá gbà, ẹ béèrè ọjọ́ àti wákàtí. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ń ṣiṣẹ́ òru tí onímọ̀ sì wá lọ́sàn-án, kò ní bá ẹnì kankan nínú wọn sọ̀rọ̀.