Fipronil àbí selamectin: èwo ni kí ẹ kán sí ológbò lọ́rùn?

Oògùn eégbọn tí à ń kán sí awọ ẹran ni àwọn méjèèjì. Fipronil pọ́ọ́kú ju selamectin lọ, ó sì wà káàkiri. Méjèèjì ti kan ara ológbò mi rí, méjèèjì ló sì ń pa eégbọn tó ń fò. Èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi wú bí ẹ̀wà, fipronil ló mọ̀ ọ́n pa. Selamectin ní tirẹ̀ ń kó kòkòrò inú etí àti àwọn aràn inú kan mọ́ ọn. Ológbò tó bá ń họ etí, tó ń gbọn orí ṣáá, òun ló yẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ń sin ehoro, ẹ má ṣe kán fipronil sí i lára o, ó lè pa á. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, kóòmù ni kí ẹ fi yọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ páálí ló gbowó lọ́wọ́ mi. Fipronil ni àwọn ọlọ́jà máa ń tú, tí wọ́n á máa tà á ní ẹyọ-ẹyọ. Tí páálí bá ti lọ, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ti ajá yàtọ̀ sí ti ológbò? Wọ́n sì máa ń po permethrin, oògùn apakòkòrò kan, mọ́ òmíràn nínú ti ajá. Kò ṣe ajá ní nǹkan kan, àmọ́ májèlé ni fún ológbò, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára láti tú u palẹ̀. "Ọ̀kan náà ni, mọ̀mí, ẹ ṣáà kán ìlàjì," ni ọmọkùnrin tó ta ti ajá fún mi wí. Kílẹ̀ tó ṣú, etí ológbò ti ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń já pàtì-pàtì, kò lè dìde dúró. Dókítà ẹranko fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ fọ oògùn náà kúrò, ó gún un lábẹ́rẹ́ tó dá gbígbọ̀n dúró, ó fa omi sí i lára, ó sì dá a dúró sọ́dọ̀. Owó tí mo san lọ́jọ́ náà á ra selamectin tí yóò lò yípo ọdún.

Ọ̀dọ̀ dókítà yẹn náà ni mo ti ń ra selamectin báyìí. Á wọn ológbò ná: tí kò bá ju kílò 2.5 lọ, mílígíráàmù 15, láti 2.6 dé 7.5, mílígíráàmù 45.

Kíkán wọn ò yàtọ̀. Ẹ la irun níbi ìpàkọ́, níbi tí ahọ́n rẹ̀ ò lè dé, kí oògùn kan awọ. Tí wọ́n bá ju ọ̀kan lọ nílé, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n má baà lá ara wọn.

Oògùn gidi ni fipronil, ẹni tí eégbọn amùjẹ̀ ń yọ lẹ́nu lè rà á. Kí páálí rẹ̀ ṣáà wà ní dídì, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ológbò ni. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹyọ kan fún yín, ẹ dágbére fún un.